Nígbà tí Ọkọ Mi Rí Bàbá Mìíràn

Inú àgọ́ kan lẹ́yìn Ìrẹsà, nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́, ni èmi àti ọkọ mi ti pàdé. Àgọ́ àdúrà ni àwọn àgbẹ̀ tó wà nítòsí ń pè é, torí wọ́n máa ń gbọ́ orin wa láti inú oko wọn. Àwa tí a wà níbẹ̀ kì í pè é ní nǹkan kan ju "ilé" lọ. Gbogbo ibi tó kù, ìta ni: Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́, ilé ìyá mi, yunifásítì tí mo fi sílẹ̀ láìparí. Bàbá là ń pe ẹni tó ni àgọ́ náà. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀, n kò lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìsọ pé "wọ́n". Mo ń kọ "ó" fún un báyìí, ó sì pẹ́ kí ọwọ́ mi tó gbà láti kọ ọ́.

Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni mo ń gbé nígbà tí wọ́n mú mi débẹ̀. Mo ti feèlì kọ́ọ̀sì tó pọ̀ lọ́dún náà, n kò sì lè sọ fún ìyá mi, tó ń rán aṣọ fún gbogbo àdúgbò kí n lè kàwé. Ọmọbìnrin kan tí a jọ wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ní kí n tẹ̀lé òun lọ sí ìfẹ́lọ́ṣíìpù. Bí mo ṣe wọlé, gbogbo wọn ló dìde kí mi. Ẹni tó bá ti gbé rí níbi tí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá òun jẹun tàbí òun ò jẹun, á mọ ohun tí ìyẹn ṣe sí mi. Kí ọdún náà tó parí, mo ti wà ní àgọ́, mo ń ro oko, mo ń sùn nígbà tí wọ́n bá ní kí n sùn.

Iṣẹ́ ló gbé ọkọ mi débẹ̀ ní tirẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ọmọ àfáà, iṣẹ́ rewáyà ló kọ́, ìyẹn àwọn tó máa ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Wọ́n pè é kó wá wo jẹnẹrétọ̀ àgọ́ tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Nígbà tó tún un ṣe tán, Bàbá gbọ́wọ́ lé e lórí, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan fún un nípa ikú ìyá rẹ̀. Ọkọ mi ní òun ò tíì sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni rí. Kò padà sílé lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn àdúrà, Bàbá nawọ́ sí i, ó nawọ́ sí mi. Bí a ṣe di tọkọtaya nìyẹn.

N kò ní sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹyọ kan ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, torí òun ló bá mi dé ibi tí mo ń lọ nínú ìtàn yìí. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, a máa ń jókòó ní ìlà, oníkálùkù á dìde, á jẹ́wọ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ àti ohun tó rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí wọ́n bá fẹjọ́ rẹ̀ sùn, wọn ò ní nà án. Ńṣe ni gbogbo àgọ́ á dákẹ́ sí i. Wọn ò ní kí i, wọn ò ní dá a lóhùn, wọn ò ní wo ojú rẹ̀, títí Bàbá á fi sọ pé ó tó. Wọ́n ti dákẹ́ sí mi rí nítorí pé mo sunkún nígbà tí mo rántí ìyá mi. Ó dé ibi tí mo ń fọwọ́ kan ojú ara mi láti mọ̀ bóyá mo ṣì wà.

A bí ọmọbìnrin kan. Ọmọ náà ti ń sáré káàkiri nígbà tí ibà mú un, gìrì sì gbé e láàárọ̀ ọjọ́ kan bí a ṣe ń múra oko. Èèwọ̀ ni ọsibítù ní àgọ́. Bàbá ní kí a gbé e síwájú pẹpẹ kí a máa kọrin. A kọrin, a kọrin, ojú ọmọ ń yí sókè. N kò mọ ohun tó gbé mi dìde. Mo gbé e pọ̀n, mo gba ọ̀nà oko, n kò wẹ̀yìn. Mo gbọ́ ohùn Bàbá. Kò pariwo. Ó kàn ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé ẹni tó bá jáde báyìí, yóò pọ ẹ̀jẹ̀ kú sójú ọ̀nà. Nígbà tí mo fẹ́ dé títì, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi, mo rò pé wọ́n ti dé. Ọkọ mi ni. Ó mú ìborùn ọmọ dání. Ọ̀kadà kan gbé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi ní ọsibítù, ó sì yè.

N kò lè lọ sílé ìyá mi. Ojú ń tì mí, àti pé ibẹ̀ ni àwọn ará àgọ́ máa kọ́kọ́ wá wa sí. Ọ̀yọ́ la gbà lọ. Bàbá ọkọ mi fún wa ní yàrá kan nínú ilé wọn, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ àwọn padà. Wọn ò bi wá léèrè nǹkan kan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àánú ni wọ́n fi ṣe é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n bèèrè ni, bóyá ì bá sàn.

Àwọn èèyàn rò pé ẹni tó bá bọ́ nínú irú ibẹ̀ á máa jó ni. Ẹ̀rù ló ń bà wá láti àárọ̀ dalẹ́. Bí orí bá fọ́ mi, mo máa ń tutọ́ sí ọwọ́ láti wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ọkọ mi bá pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, mo ti rí òkú rẹ̀ lójú ọ̀nà lọ́kàn mi. Tiẹ̀ tún burú ju tèmi lọ. Ó máa ń jí, á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á máa wo ilẹ̀. Ní àgọ́, agogo ló ń jí wa, ẹnì kan ló ń sọ ohun tí a máa ṣe. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé kí ni mo máa sè. Ó wò mí bíi pé mo bi í ní ìbéèrè tó le. Ó ní, "Wọ́n ní ká jẹ kí ni?" Kò sẹ́ni tó ní ká jẹ nǹkan kan. Ibẹ̀ la jókòó sí láìjẹun títí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Mo ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọléèwé lójúde ilé. Iṣẹ́ yẹn ràn mí lọ́wọ́, torí aṣọ á máa sọ ohun tó kàn fún ọwọ́. Òun náà ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ sì ń wá, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti parí, á kàn dúró ni. Ó bá bàbá rẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ó bá èmi náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn méjèèjì, ohun kan náà ló sọ fún mi: pé wọ́n ṣàdúrà tán, oníkálùkù sì gba ilé rẹ̀ lọ, kò sí ẹni tó ní kóun ṣe nǹkan kan. Nígbà náà, n kò mọ̀ pé ìròyìn àìsàn ló ń fún mi.

Nípasẹ̀ oníbàárà kan ló fi rí ẹni tó máa pàṣẹ fún un. Ọkùnrin náà gbé ọkọ̀ tí iná iwájú rẹ̀ kò tàn wá sí ṣọ́ọ̀bù, bó ṣe ń dúró, ó ń gbọ́ ohùn kan lórí fóònù. Ohùn náà ń sọ pé òpin orílẹ̀-èdè yìí ti dé, pé wọ́n ti ta wá fún àwọn àjèjì, pé ẹni tó bá ń sùn nísinsìnyí, ẹrú ni yóò jí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ pé kí Yorùbá dá dúró, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àti nínú mọ́tò, wọ́n á jiyàn tán, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ti ohùn yìí kì í ṣe ìyẹn. Kò fẹ́ kí a jiyàn. Ọkọ mi sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà pé òun fi bátìrì sílẹ̀, òun dúró, òun sì gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní ńṣe ló dà bíi pé ohùn náà mọ òun.

Inú mi dùn. Mo ní láti sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sùn, kò fò sókè lójú oorun. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ti ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń lọ sáré pẹ̀lú àwọn ọkùnrin kan. Ó ń bá ọmọ ṣeré. Ó ń fọ aṣọ rẹ̀. Mo rò pé àwọn ọ̀rẹ́ ló ní, pé ọkọ mi ti ń yá. Ó ní kí n bá àwọn rán fìlà aláwọ̀ kan náà, mo sì rán an. Ìgbà tó di pé ó ń pe olórí wọn ní "Bàbá wa" ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ dúró lórí máṣíìnì. Mo bi í pé ta ni Bàbá wa. Ó ní mo mọ ẹni tí òun ń sọ. N kò tíì rí ọkùnrin náà rí.

Lẹ́yìn ìyẹn, èèwọ̀ dé. A ò gbọdọ̀ ra ẹran sísun lọ́wọ́ àwọn kan. A ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ àwọn kan. A ò gbọdọ̀ jẹ wàrà mọ́, torí májèlé wà nínú rẹ̀. Obìnrin Fúlàní kan ló máa ń tà á fún mi. Gáà tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń gbé kò jìnnà sí ìlú, àárọ̀ ló máa ń kọjá níwájú ilé wa, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ ilé wa lọ. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ọ̀yọ́, tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ mọ́, òun ló máa ń sọ ẹrù kalẹ̀, á kí mi, á wo aṣọ tí mò ń rán, á sọ pé apá yìí tóbi ju ìyẹn lọ. Òótọ́ ló sì máa ń jẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ mi bá wàrà nínú abọ́ ọmọ. Kò bínú. Ó gbé abọ́ náà, ó dà á sí gọ́tà, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ níwájú ọmọ, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé ẹni tó bá jẹ oúnjẹ ọ̀tá, inú rẹ̀ á jẹrà. Ọmọ náà ń wo ikùn ara rẹ̀. Èmi ń wo ẹnu ọkọ mi. Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn, mo mọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ.

Ó ní kí n wá sí ìpàdé. Mo lọ, torí mo fẹ́ mọ ohun tó gba ọkọ mi lọ́wọ́ mi. Ọ̀sán Sátidé ni, nínú ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ parí létí ìlú, òrùlé wà, fèrèsé kò sí. Wọ́n gba fóònù wa lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kó o sínú báàfù. Àwọn ọkùnrin jókòó ní ìlà, àwọn obìnrin jókòó ní ìlà. Gbogbo wọn dìde kí mi nígbà tí mo wọlé, bíi ti ìfẹ́lọ́ṣíìpù ọjọ́sí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin. Orin ogun ni, kì í ṣe orin Ọlọ́run, ṣùgbọ́n bí ohùn gbogbo wọn ṣe papọ̀ di ẹyọ kan, nǹkan kan tú nínú àyà mi. Ọwọ́ mi ti wà lókè kí n tó mọ̀. Omi ń bọ́ lójú mi. Mo fẹ́ kí orin náà má tán. Ní gbogbo ìtàn yìí, n kò mọ ohun tó bà mí lẹ́rù tó ọwọ́ mi méjèèjì yẹn.

Olórí wọn dìde lẹ́yìn orin. Ọkùnrin kékeré kan ni, ó wọ aṣọ tó mọ́, ohùn rẹ̀ sì tù. Ó sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ wa, ó sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn àgbẹ̀ ní oko wọn, òótọ́ wà nínú díẹ̀ nínú rẹ̀, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní gáà tó wà lẹ́bàá ìlú gbọ́dọ̀ kúrò, pé àwọn máa lọ bá wọn níbẹ̀ láìpẹ́. Lẹ́yìn náà, ó bèèrè pé ta ni ilé rẹ̀ kò mọ́.

Ọkọ mi dìde. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń wò láti ìlà àwọn obìnrin.

Ó ní, "Ilé tèmi ni. Ìyàwó mi ń bá ọ̀tá jẹun."

Olórí náà fi ojú wá mi títí ó fi rí mi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kí àwọn ará ràn mí lọ́wọ́, kí wọ́n fún mi ní ìdákẹ́jẹ́ kí ọkàn mi lè mọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, kò dé Ìrẹsà rí tí mo mọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni. Ẹsẹ̀ mi sì mọ ohun tó kàn. Orúnkún mi wọlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n kúnlẹ̀. Mo rí ara mi lórí ilẹ̀ eléruku yẹn, mo dorí kodò, mo ń dúró kí wọ́n dárí jì mí, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì ti yí ojú rẹ̀ sí ọ̀tún.

A jọ rìn délé. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì mọ̀ pé bí mo bá dúró, èmi náà á máa dìde nínú ìlà níjọ́ kan, màá máa fẹjọ́ ọmọ mi sùn. Mo di ẹrù díẹ̀. Mo jókòó ti ẹrù náà, mo ń retí obìnrin oníwàrà, torí ibi kan ṣoṣo tí mo ti lè rí i ni iwájú ilé wa.

Nígbà tó dé, mo ní, "Ẹ má wá sí àdúgbò yìí mọ́."

Ó ní, "Ṣé wàrà ò dáa mọ́ ni?"

Mo sọ fún un pé àwọn kan ń bọ̀ ní gáà wọn, kí wọ́n tètè kúrò. Ó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ ni wọ́n sin bàbá òun sí, ibo ni wọ́n ní kí àwọn lọ. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé àwọn wo ló ń bọ̀. Mo wo fìlà kan tó ṣẹ́kù lórí máṣíìnì mi. Mo ní, "Àwọn kan ni." Ó wo fìlà náà, ó wò mí, kò bèèrè mọ́. Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó sì padà síbi tó ti wá, ó ń yára.

Mo mú ọmọ, a lọ sí gáréèjì, a wọ ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́. Ní gbogbo ọ̀nà, bí ọ̀kadà bá ti fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wa, mo máa ń tẹ orí ọmọ mọ́lẹ̀. Ìyá mi wà níwájú ilé wọn, nítòsí Tàkíé, wọ́n ń yọ òwú lára aṣọ oníbàárà. Láti ọdún tí mo ti lọ sí àgọ́, wọn ò tíì fojú kàn mí. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ọmọ. Wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀. Omi wà nínú kúlà." Ìgbà tí ọmọ sùn tán ni wọ́n dì mí mú.

Mi ò jáde fún ìgbà pípẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, mo ti wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ẹ̀rù ọkọ mi ń bà mí, ẹ̀rù Bàbá tí àgọ́ rẹ̀ kò jìnnà sí wa ń bà mí, mi ò sì mọ èwo ló tóbi jù.

Ọkọ mi wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun nìkan. Ìyá mi fún un ní àga lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì wọlé, ṣùgbọ́n mo ń rí etí aṣọ wọn lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ti rù. Ó ní wọ́n ti dárí jì mí, kí n máa bọ̀ nílé. Mo ní mi ò ní bọ̀. Mo bi í pé kí ló dé, pé a jọ jáde nínú ọ̀kan, ojú wa jọ là sí i, báwo ló ṣe tún lè wọ òmíràn. Mo rò pé á bínú. Ó wo ọwọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Láti ọjọ́ tí a ti kúrò ní àgọ́, mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń jí láàárọ̀. Mo rò pé mo ti kú, pé Bàbá ti pa mí lóòótọ́, wọ́n kàn gbàgbé láti sin mí ni. Lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí, bí mi ò bá wá, wọ́n á bèèrè mi."

Mo ní, "Èmi ń bèèrè yín."

Ó ní, "Ìwọ nìkan ò tó."

Kò fi sọ̀kò sí mi, kò fi gún mi lára. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ohun tó ti ń wọ̀n fún ìgbà pípẹ́. Mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni, torí èmi náà ti gbọ́ orin yẹn, mo mọ iye èèyàn tó máa gbà kí ọwọ́ tó ti wà lókè tó lè wálẹ̀. Ó ní àwọn tó sọ pé àwọn fẹ́ràn òun kò nílò òun fún nǹkan kan. Ó ní ìlú kan ń bẹ tí àwọn fẹ́ dá sílẹ̀, òun sì ni wọ́n ní kó máa bójú tó iná níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ìyẹn, bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó fọwọ́ kan orí ọmọ, ó lọ. Ìyá mi jáde, wọ́n gbé àga náà wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ṣì wà lókè.

Ìròyìn gáà náà dé Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe. Àwọn ará ìpàdé dáná sun ahéré tó wà níbẹ̀. Wọn ò bá èèyàn kankan, gbogbo àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti kó lọ, ewúrẹ́ tí wọn ò rí kó ló jóná. Àwọn ọlọ́pàá mú àwọn kan nínú àwọn tó dáná náà, ọkọ mi wà lára wọn. Olórí wọn gbé ohùn jáde lórí fóònù pé àwọn ò mọ àwọn ọmọkùnrin náà rí, pé ọ̀tá ló rán wọn láti ba àwọn lórúkọ jẹ́. Bàbá ọkọ mi, àgbàlagbà tí kò ríran dáadáa mọ́, ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un ní téṣàn lójoojúmọ́. Nígbà tó pẹ́, wọ́n fi ọkọ mi sílẹ̀ kó máa ti ilé wá jẹ́jọ́. N kò tíì mọ ibi tí ẹjọ́ náà máa já sí. Obìnrin oníwàrà, n kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Mo ti bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀. Wọ́n ní àwọn kan sọ pé òkè Ṣakí ni wọ́n gbà lọ.

Ọkọ mi ń gbé yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Under G báyìí, ó ń tún iná ọkọ̀ ṣe níbẹ̀. A ò jọ gbé. Ó máa ń wá wo ọmọ ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, ìyá mi á sì gbé oúnjẹ fún un. Wọn kì í bi í pé kí ló fẹ́ jẹ. Wọ́n á gbé méjì wá, wọ́n á ní kó mú ọ̀kan, wọ́n á dúró tì í títí yóò fi mú. Nígbà míì ó máa ń pẹ́. Mi ò tíì fi ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ láìsí èmi níbẹ̀. Ó mọ̀, kò sì bèèrè ìdí.

Èmi náà ti padà sídìí máṣíìnì, mo sì ti wọ ẹgbẹ́ àwọn télọ̀. Ìyá mi ló fi mí sí i, ó sì pẹ́ kí n tó lè jókòó nípàdé wọn láìmáa fojú wá ẹnu ọ̀nà. Lóṣù tó kọjá, ìyá ẹgbẹ́ ní kí a sún ọjọ́ ìpàdé sí Monday, wọ́n ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ nawọ́. Monday ni àwọn oníléèwé máa ń wá gba yunifọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi. Òógùn bò mí. Mo nawọ́. Èmi nìkan ni. Gbogbo wọn yíjú sí mi, mo sì ń dúró kí ìdákẹ́jẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan ní kí n ṣàlàyé, mo ṣàlàyé, òmíràn ní àwíjàre lásán ni mò ń wí, ẹlòmíì gbè mí, wọ́n jiyàn, wọ́n sì sún ọjọ́ náà sí Monday. Nígbà tí a jáde, ẹni tó ní mò ń wí àwíjàre bi mí bóyá mo ní bọ́tìnnì funfun tí òun lè yá.

Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi lọ́jọ́ Sunday. Ó fi ṣíbí sílẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ nìkan lo nawọ́?"

Mo ní èmi nìkan ni.

"Wọn ò ṣe ẹ́ ní nǹkan kan?"

Mo ní wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó ń wo ojú ọ̀nà, oúnjẹ ń tutù níwájú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i pé ṣé lóòótọ́ ni wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan.